Ẹrù Wo Ni Ilẹ̀kùn Fẹ́ Rù?

Ìwé pẹlẹbẹ kan ni wọ́n gbé fún mi pé kí n túmọ̀ sí Yorùbá. Ojú ewé méjìlá péré ni: bí a ṣe ń dá ọgbà sí ẹ̀yìnkùlé, bí a ṣe ń gbin ata sínú ike, bí a ṣe ń fi ewé àti òdòdó ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà ọdún. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí. Ní ọjọ́ kìíní, mo jókòó ti tábìlì, mo ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo ka èyí tí mo kọ sétígbọ̀ọ́ ìyá àgbà kan ládùúgbò wa, tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tà. Ọjọ́ náà ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ pa Màmá lẹ́rìn-ín ni "àpòpọ̀ ìdọ̀tí jíjẹrà". Ó ní kí ni mo ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé gbígbẹ àti eérú ni, tí a kó jọ síbì kan títí wọ́n fi jẹrà, tí wọ́n dúdú, tí a wá ń bù wọ́n sídìí ohun ọ̀gbìn. Ó ní, "Ṣé ààtàn náà ni?"

Ààtàn náà ni. Ta ni kò mọ̀ pé tòmátì tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, tó kàn ṣàdédé hù lórí ààtàn, a máa so ju èyí tí à ń kẹ́ lọ? Mo pa ọ̀rọ̀ gígùn mi rẹ́. Àmọ́ ààtàn nìkan ò tíì tó, nítorí ọ̀rá àti ìgò fífọ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá mọ̀ mọ́ ọn lóde òní. Mo bá so ó mọ́ "ajílẹ̀", ọ̀rọ̀ tí a ti ń lò fún ohun tó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá. Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ajílẹ̀ á lóye rẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ló wà nínú orúkọ rẹ̀: ó ń jí ilẹ̀. "Ajílẹ̀ ààtàn" ló wà nínú ìwé náà báyìí.

Látìgbà náà, n kì í ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kan kí n tó béèrè. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní kí a hú ọmọ ata níbi tó ti kọ́kọ́ hù, kí a gbé e lọ gbìn síbòmíràn. Odidi gbólóhùn ni mo kọ. "Lọ́" ni Màmá ń pè é. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń lọ́ ata, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, a ó sì gbé e tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ kí gbòǹgbò má baà já. Ìwé náà ní kí a fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ kí ó má baà tètè gbẹ, kí èpò má sì ráyè hù. Àgbẹ̀ tó bá gbin iṣu kí òjò tó dé ti ń fi ewé gbígbẹ dé orí ebè tipẹ́tipẹ́, bí ìgbà tí èèyàn dé fìlà. Mo mú "ìdébè" níbẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí ebè, "ìdélẹ̀" ni mo pè é.

Ti gbígbìn sínú ike tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ata rodo sínú ike ọ̀dà gbọ́dọ̀ lu ìdí ike náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á dúró, gbòǹgbò á rà. "Lu ú ní ihò bí ajere" ni mo kọ, torí ẹni tó bá ti rí ìkòkò ajere lókè iná rí ti mọ bí ihò náà ṣe yẹ kó rí. Ìwé náà tún ní kí a fi àfọ́kù ìkòkò bo ihò, kí erùpẹ̀ má baà bá omi ṣàn jáde. Àpáàdì. Ọ̀rọ̀ kan péré. Àpáàdì yìí kan náà ni àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ tò ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà, tí àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti hú jáde. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀. Nígbà tí mo wá dé ibi tí ìwé náà ti ń sọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà inú ọgbà, n kò wá ọ̀rọ̀ kiri. "Ọ̀nà àpáàdì" ni mo kọ.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣíwájú mi. Ní 1984, ìdìpọ̀ kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, Ayọ̀ Bámgbóṣé sì ni olótùú rẹ̀. Kì í ṣe ti ọgbà, ti ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà kò fara sin: a lè fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lójú, a lè so ọ̀rọ̀ pọ̀, a lè ṣàpèjúwe, a lè yá. Èyí tó yẹ kó ṣáájú nínú wọn ni ẹ̀yìnkùlé Màmá fi hàn mí: ká béèrè ká tó fẹ̀, ká fẹ̀ ká tó so, ká so ká tó yá.

Pàkúté máa ń wà níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti tètè yọ sẹ́nu. Ìwé náà pín òdòdó sí méjì: èyí tó ń hù, tó ń tanná, tó sì ń kú láàárín ọdún kan, àti èyí tó ń lo ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti kọ "ọlọ́dọọdún" fún ti àkọ́kọ́ kí n tó ronú. Ṣé èyí tí à ń gbìn lọ́dọọdún ni, àbí èyí tó ń yọ fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún? Ẹni tó bá ṣì í gbọ́ á jókòó de ohun tí kò ní hù mọ́. Mo yí i sí "àtúngbìn" fún tẹ̀tẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì pe irú ewúro ní "àgbìnpẹ́".

Ti ìgbà léwu jù. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni ìgbà ooru àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bí atúmọ̀ bá kọ "ẹ̀ẹ̀rùn" síbẹ̀, ó ti ṣi ará Ìbàdàn lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀rùn tiwa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Ẹni tó ní àkùrọ̀ tàbí kànga ló lè gbin tòmátì nígbà náà. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, àárín òjò la wà. Òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún padà dé ní oṣù kẹsàn-án. Mo fi "ìgbà ìrúwé", "ìgbà ooru", "ìgbà ìwọ́wé" àti "ìgbà òtútù" sílẹ̀ fún Yorùbá tó ń dá ọgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò gbọdọ̀ lọ́ tòmátì síta kí ìrì dídì tó kásẹ̀ nílẹ̀. Fún ará ilé, àkọ́rọ̀, àrọ̀kúrò àti ọyẹ́ ni mo kọ.

Ó wá ku ọ̀ṣọ́. Nígboro, "fúláwà" ni gbogbo ohun tí a gbìn tí a kì í jẹ, ì báà má tanná rí láyé. Mo fi òdòdó fún ohun tó tanná, mo sì fi fúláwà sílẹ̀ fún ohun tí a gbìn fún ẹwà. Ohun tí gbogbo ìlú ti jọ yá kì í ṣe gbèsè mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo àwòrán àwọn fúláwà inú ilé tí ìwé náà ń polówó, ojúlùmọ̀ ló pọ̀ nínú wọn. Èyí tí ewé rẹ̀ gùn tó sì ń dán ni pèrègún, tí à ń gbìn sí ààlà ilẹ̀ àti ojúbọ, tí àwọn ọmọ wa ní Kúbà àti Brazil kò sì gbàgbé orúkọ rẹ̀ dòní. Òmíràn, tí ewé rẹ̀ nípọn, tó nà ró ṣánṣán, jẹ́ ìbátan èyí tí à ń pè ní ọ̀já ìkòokò. Ìwé náà pè é ní ahọ́n ìyá àna. Bí mo bá túmọ̀ ìyẹn ní tààrà, mo ti dá ìjà sílẹ̀ nílé onílé.

Níbi ọdún Kérésìmesì, ìwé náà ní kí a wé ewé tútù àti òdòdó ní òbìrìkìtì, kí a fi kọ́ ara ilẹ̀kùn. Inú mi dùn. Òṣùká ni! Ó rí roboto, wíwé la ń wé e, a sì lè fi ewé ṣe é. Mo ka "òṣùká òdòdó" fún Màmá bí ẹni tó ti yege. Ó wò mí títí. "Òṣùká lára ilẹ̀kùn? Ẹrù wo ni ilẹ̀kùn fẹ́ rù?"

Mo ti wo bí nǹkan ṣe rí, mo gbàgbé ohun tó ń ṣe. Abẹ́ ẹrù ni òṣùká ń gbé. Ohun roboto tí à ń fi ṣe ara lóge ni ẹ̀gbà: ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ̀gbà ẹsẹ̀. Kí ilẹ̀kùn náà ní tirẹ̀. Màmá pe "ẹ̀gbà ilẹ̀kùn" lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ìyẹn ṣeé gbọ́, ṣùgbọ́n imọ̀ ọ̀pẹ làwọn fi ń ṣe ẹnu ọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà tàwọn, ẹnikẹ́ni kì í sì í rà á lọ́jà. Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ síbẹ̀.

Ojú ewé tó kẹ́yìn ní kí a gbin celosia sí etí ọ̀nà fún ẹwà. Mo wo àwòrán rẹ̀ dáadáa: ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ ni, àfi pé wọ́n ti ṣa irú èyí tí orí rẹ̀ tóbi, tó sì pọ́n fòò. Mo ka ìtumọ̀ mi fún Màmá: "Gbin ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àpáàdì, kí ojú máa rí ohun tó dára."

Ó mi orí. "Ó dáa. Bí o bá ti wò ó tó, sọ fún mi kí n wá já a sọ́bẹ̀."