Aleksandria, Ìlú Etí Òkun

Ẹni tí ó bá ń ka Ìwé Ìṣe Àwọn Aposteli yóò ti bá orúkọ Aleksandria pàdé. Ibẹ̀ ni a gbé bí Apollo, ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, tí ó sì mọ ìwé mímọ́ dunjú. Ọkọ̀ ìlú náà ni Paulu wọ̀ nígbà tí a ń mú un lọ sí Romu. Nígbà tí èyí sì fọ́ ní Melita, ọkọ̀ Aleksandria mìíràn ni ó gbé e dé Italia. Nítorí náà ó yẹ kí àwa ọmọ ìjọ mọ irú ìlú tí í ṣe, pàápàá ẹni tí ó bá ní ìrètí àti gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá.

Alexander Ńlá, ọba Makedonia, ni ó tẹ̀ ẹ́ dó ní Egipti ní ọdún 331 kí a tó bí Olúwa wa. Erékùṣù Pharos wà níwájú rẹ̀. Àwọn ọba tí ó jẹ lẹ́yìn náà la ọ̀nà láti ilẹ̀ dé ibẹ̀ lórí omi, èbúté sì di méjì. Etí òkun náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní òkè tí atukọ̀ lè fi ṣe àmì. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe kọ́ ilé ìṣọ́ gíga kan sórí Pharos, tí wọ́n parí ní nǹkan bí ọdún 280 kí a tó bí Olúwa wa, tí iná rẹ̀ ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Àwọn ará ìgbàanì kà á mọ́ ohun ìyanu méje ayé. Ó dúró ju 1,500 ọdún lọ, kí ìsẹ̀lẹ̀ tó bà á jẹ́, pàápàá ti ọdún 1303. Ní 1477 Sultan Qaitbay bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ odi sí ipò rẹ̀. Odi náà ni àlejò ń wò títí di òní. Láti 1994 ni àwọn òmùwẹ̀ ti ń rí òkúta ńláńlá àti ère ní ìsàlẹ̀ òkun lẹ́bàá rẹ̀.

Àwọn ọba kan náà kó ìwé jọ sí ilé ìkàwé tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé iná ọjọ́ kan ni ó jó o run. Ṣùgbọ́n ogun, iná àti àìbìkítà ni ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ilé ìkàwé titun tí a ṣí ní 2002 ń rántí rẹ̀.

Iṣẹ́ kan tí a bẹ̀rẹ̀ nílùú náà kò parun. Àwọn Júù pọ̀ níbẹ̀, Gíríìkì sì ti di èdè àwọn ọmọ wọn. Nítorí náà, ní nǹkan bí 250 ọdún kí a tó bí Olúwa wa, a túmọ̀ ìwé Mose láti èdè Heberu sí Gíríìkì, àwọn ìwé yòókù sì tẹ̀ lé e. Ìtumọ̀ yìí ni àwọn tí ó kọ Májẹ̀mú Titun sábà ń lò.

Ìlú kan náà ni Ariu ti ṣe àlùfáà, ẹni tí ó kọ́ni pé a dá Ọmọ Ọlọ́run ni. Athanasius, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ní 328, dúró tì í lójú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni a lé e kúrò lórí oyè, kò yẹ̀. Nínú ìwé tí ó kọ sí àwọn ìjọ ní 367 ni a ti kọ́kọ́ rí orúkọ ìwé 27 ti Májẹ̀mú Titun, láìfikún, láìyọkúrò, bí a ti ní wọn lónìí.

Ilé ìṣọ́ wó, ìwé àwọn ọba tán, ṣùgbọ́n Ọ̀rọ̀ tí a túmọ̀ sí èdè tí àwọn ọmọ gbọ́ wà síbẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí fún wa, tí Bíbélì Yorùbá fi pé lódindi ní 1884. Bí àwa bá jẹ́ kí àwọn ọmọ wa dàgbà láìlè kà á, iná wo ni a ó wí pé ó jó tiwa?