Ìwé Oyè Ọ̀gá Ológun àti Àwa Ọmọ Ìkòròdú òun Ẹ̀pẹ́

 Àwa tí ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ a máa gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí pé iṣẹ́ sójà kì í ṣe iṣẹ́ ìran wa, pé òwò, ẹja pípa àti iṣẹ́ akọ̀wé ni ti àwa ará etí ọ̀sà. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn.

Ní December 1851 ni àwọn Òyìnbó fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó. Ẹ̀pẹ́ ni ó forí lé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn ni ìran wọn ń jẹ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí di òní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bá níbẹ̀. Kòsọ́kọ́ bá Òyìnbó ṣe àdéhùn ní 1854, ó sì padà sí Èkó ní 1862. Ṣùgbọ́n ìjà kò tán síbẹ̀, nítorí ní 1863 ìjọba Èkó gbógun ti Ẹ̀pẹ́. Ọdún 1863 yìí náà ni Glover bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn Hausa jọ fún iṣẹ́ ogun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tí ó sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn. Láti ara wọn ni Ẹgbẹ́ Ọmọ-ogun Nàìjíríà ti ń ka ọjọ́ ìbí rẹ̀. Nígbà tí ó di 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, nítorí pé àwọn baba wa fẹ́ máa bá Èkó ṣòwò tààrà láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn Hausa Glover, pẹ̀lú àwọn sójà West India, ni ó wá tú ìdótì náà ká ní oṣù March. Ẹ̀pẹ́ jẹ ìyà Òyìnbó, Ìkòròdú jẹ àǹfààní wọn. (Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Ẹ̀pẹ́ yóò ní kí a má rán àwọn létí.)

Àwọn Hausa wọ̀nyí ni ó di ọmọ-ogun Èkó, tí a sì dà pọ̀ mọ́ West African Frontier Force ní 1901. Dúdú ni àwọn tí ń gbé ìbọn, funfun ni àwọn tí ń pàṣẹ. Ó di 1942 kí ọmọ Áfíríkà kan, Seth Anthony ará Gold Coast, tó gba ìwé oyè ọ̀gá ológun ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó di 1948 kí Ugboma tó ṣe èyí àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà. Ẹ wo Babáfẹ́mi Ògúndípẹ̀, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, Ìjẹ̀bú bí àwa: ó wọṣẹ́, ó jagun dé Burma, ṣùgbọ́n 1953 ni ó tó di ọ̀gá. 

Èyí tí ó sún mọ́ iṣẹ́ tiwa jù ni ti Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Olùkọ́ ni ní Ìbàdàn. Ó yege nínú ìdánwò àtiwọ Yunifásítì Ìbàdàn, ṣùgbọ́n owó kò sí. Ní 1958 ó rí ìpolówó pé àwọn ológun ń wá ọ̀dọ́ tí wọn yóò kọ́ láti di ọ̀gá, ó sì kọ̀wé. Kò kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará ilé, nítorí ó mọ̀ pé àwọn òbí òun yóò kọ̀. Wọ́n rán an lọ sí Teshie ní Gold Coast àtijọ́, tí ó ti di Ghana, fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà sí Mons ní Aldershot. Àwọn tí kò ní owó ilé-ìwé gíga ni ọ̀nà yìí ṣí fún nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí lónìí.

Láti 1964 ni a ti ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa, Nigerian Defence Academy ní Kàdúná. Kí ẹ̀yin òbí jọ̀wọ́ fi ìyàtọ̀ sí i: ẹni tí ó lọ ṣe kúrúùtù ní Zaria, sójà lásán ni yóò kọ́kọ́ jẹ́; ẹni tí ó gba Kàdúná kọjá, ọ̀gá ni láti ọjọ́ kìíní. Ọmọ tí ó fẹ́ wọlé yóò ní kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú wọn, yóò ṣe ìdánwò JAMB, yóò tún ṣe ìdánwò ti ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá tó pè é wò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́: ara, ìwà, àti bí ó ti ń ronú. Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ náà. Láti 2011 ni àwọn ọmọbìnrin náà ti ń wọlé gẹ́gẹ́ bí ajagun. Ẹni tí ó ti jáde ní yunifásítì ní ọ̀nà tirẹ̀, èyí tí ó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpín-ìpín ni wọ́n ń mú ènìyàn; ní 1961, ìdajì jẹ́ ti Àríwá, ìdá mẹ́rin kan jẹ́ ti Ìwọ̀-oòrùn. Lónìí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń wò, nítorí náà ni ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ fi ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù ń parí kí ó tó wá a, ó ti pẹ́.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wa fẹ́ lọ. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún pé ọmọ kan ṣoṣo ni òun bí. Bí ó ti ń rọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọkùnrin kan dé tí ó ní òun mọ ọ̀gá kan ní Àbújá, ó gba owó lọ́wọ́ àbúrò bàbá ọmọ náà, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àsìkò kọjá. A kò dá ara wa láre: ó yẹ kí a ti sọ fún wọn pé a kì í ra àyè níbẹ̀. Ọmọ náà lọ sí yunifásítì, ó sì jáde ní ọdún tó kọjá.

Ní oṣù tó lọ, ìyá yìí kan náà wá sí ilé wa ní àárọ̀ kùtùkùtù, ó kó ìwé dání. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ìwé ẹ̀rí ìwà fún ọmọ yín. Ó ti tún kọ̀wé sí wọn." A kọ ọ́. Ó ká ìwé náà sínú gèlè, ó sì bèèrè lọ́wọ́ wa bóyá òtútù ń mú ní Kàdúná.