Ilé ẹbí ní ilẹ̀ Yorùbá

Ilé ẹbí ni ilé tí ó jẹ́ ti gbogbo ọmọ ẹbí kan lápapọ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì lè dá tà. Irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ẹnìkan ṣoṣo: ẹni náà kọ́ ọ tàbí rà á, ó kú láì ṣe ìwé ìhágún, ilé náà sì di ti gbogbo ọmọ rẹ̀. Àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà ti gba àṣà yìí gẹ́gẹ́ bí òfin láti ìgbà ìjọba amúnisìn. Òun ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ lórí ilé, nítorí pé olùrà lè wá mọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ òun kò ní àṣẹ láti ta ilé náà.

Bí ilé ṣe ń di ilé ẹbí

Lábẹ́ àṣà Yorùbá, bí bàbá tàbí ìyá tí ó ní ilé bá kú láì ṣe ìwé ìhágún, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jogún rẹ̀ lápapọ̀. Olóògbé sì lè fi ìwé ìhágún sọ ilé di ti ẹbí, bí ó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti gbogbo ọmọ òun ni. Ẹni tí ó bá kọ́ ilé sórí ilẹ̀ ẹbí kò lè torí rẹ̀ sọ ilẹ̀ náà di tirẹ̀. Bákan náà, ọmọ tí ó fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe kò tipa bẹ́ẹ̀ di onílé.

Nínú ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, tí Ìgbìmọ̀ Privy Council dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1921, àwọn adájọ́ gbà pé àwùjọ, abúlé tàbí ẹbí ni ó ni ilẹ̀ lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀, kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo.

Olórí ẹbí àti ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ

Ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí ó wáyé ní Èkó ní ọdún 1908 sí 1909, ni a sábà máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-ẹjọ́ sọ níbẹ̀ pé bí olùdásílẹ̀ ẹbí bá kú, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tí a ń pè ní Dáwódù, ni olórí ẹbí. Bí Dáwódù náà bá kú, ọmọ olùdásílẹ̀ tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù ni yóò bọ́ sí ipò náà, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin.

Alábòójútó ni olórí ẹbí jẹ́. Ọmọ ẹbí ní ẹ̀tọ́ láti gbé inú ilé náà bí àyè bá wà, láti gba ìpín nínú owó tí ilé bá mú wọlé, àti láti gbọ́ sí ọ̀rọ̀ kí a tó tà á. Kò lè ta ìpín tirẹ̀ fún ará ìta, kò lè fi í sínú ìwé ìhágún, ẹni tí ó jẹ lówó kò sì lè torí gbèsè ọmọ ẹbí kan gba ilé ẹbí.

Ọmọbìnrin àti opó

Ọmọbìnrin ń jogún bákan náà pẹ̀lú ọmọkùnrin. Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 42, sì ka fífi ẹ̀tọ́ du ènìyàn nítorí bí a ṣe bí i léèwọ̀.

Ti opó yàtọ̀. Nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu ní ọdún 1957, ilé-ẹjọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀ lábẹ́ àṣà Yorùbá. Nípasẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó fi máa ń ní ibùgbé nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n bí ìgbéyàwó bá jẹ́ èyí tí a ṣe lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó, tí ọkọ kò sì ṣe ìwé ìhágún, òfin ìjọba ni ó máa ń darí pínpín ogún rẹ̀, ìyàwó a sì ní ìpín tirẹ̀.

Pínpín ogún

Ọ̀nà méjì ni a fi ń pín ogún láàárín ọmọ. Ti ìdí-igi ni kí a pín in sí iye ìyàwó tí ó bímọ fún olóògbé. Ti orí-ò-jorí ni kí olúkúlùkù ọmọ gba iye kan náà. Nínú ẹjọ́ lórí ogún Suberu Dawodu, tí ó ní ọmọ mẹ́sàn-án láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mẹ́rin, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà pàṣẹ ní ọdún 1958 pé ìdí-igi ni kí a lò, Privy Council sì fọwọ́ sí i ní ọdún 1962. A lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá wà tí olórí ẹbí sì rí i pé òun ni yóò mú àlàáfíà wá.

Títà ilé ẹbí

Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ní ọdún 1959, ni ó là á sílẹ̀ bí títà ṣe ń dúró:

* Bí olórí ẹbí àti àwọn àgbà tí ó ṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá jọ tà á, títà náà múlẹ̀.
* Bí olórí ẹbí bá tà á láì gba ohùn àwọn àgbà, àwọn tí kò fọwọ́ sí i lè pe ẹjọ́ kí a fagi lé e, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ fi falẹ̀.
* Bí ẹlòmíràn bá tà á láìsí olórí ẹbí, kò sí títà rárá.

Bí olórí ẹbí bá sì tà á bí ẹni pé ilé tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, títà náà kò múlẹ̀.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà. Ìdí nìyí tí olùrà fi gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí Gómìnà. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, ní ọdún 1989, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé fífi ilé dógò nítorí pé a kò gba ìfọwọ́sí yìí. Síbẹ̀, níní C of O kò sọ ẹni tí kò ni ilé di onílé. Bí ẹni tí ó tà á kò bá ní àṣẹ, ìwé kò lè wò ó sàn.

Ohun tí olùrà ń yẹ̀ wò

Agbẹjọ́rò olùrà máa ń yẹ ìwé ilé wò ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ti ìpínlẹ̀, awọnlẹ̀ a sì yẹ òpó ààlà àti àwòrán ilẹ̀ wò. Bí onílé bá ti kú, olùrà á béèrè ìwé ìhágún tí ilé-ẹjọ́ ti fọwọ́ sí, tàbí ìwé àṣẹ tí Ilé-ẹjọ́ Gíga fún àwọn tí yóò bójú tó ogún. Bí ilé náà bá jẹ́ ti ẹbí, olórí ẹbí àti aṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni yóò fọwọ́ sí ìwé títà níwájú ẹlẹ́rìí.

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ohun tí a ń lò lórí ìyọnu àwọn ọmọ onílẹ̀ ni òfin ààbò ohun-ìní ti ọdún 2016, tí ó sọ fífi ipá gba ilé tàbí ilẹ̀, àti títà á láìní àṣẹ, di ẹ̀ṣẹ̀.

Bí ilé ẹbí ṣe ń dópin

Ilé ẹbí lè dópin bí gbogbo ẹbí bá fohùn ṣọ̀kan tà á, bí wọ́n bá fi ta ẹnìkan lọ́rẹ, tàbí bí wọ́n bá pín in. Lẹ́yìn pínpín, apá tí ó kan olúkúlùkù di tirẹ̀ pátápátá, ó sì lè tà á bí ó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n bí òun náà bá kú láì ṣe ìwé ìhágún, apá náà yóò tún di ilé ẹbí fún àwọn ọmọ tirẹ̀.