Àwọn Yorùbá Ilẹ̀ Benin àti Tógò

Àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin àti Tógò ni àwọn ọmọ Yorùbá tí ìlú wọn wà ní ìwọ̀-oòrùn ẹnubodè Nàìjíríà, láti agbègbè Àjàṣẹ́, tí àwọn Pọtogí sọ di Porto-Novo, títí dé Àtàkpámẹ̀ ní Tógò. Nago ni Faransé ń pe púpọ̀ nínú wọn. Ìkànìyàn ọdún 2013 ní Benin fi hàn pé Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà tó bá a tan tó 12 nínú 100 àwọn ará orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó ń gbé Akobo ní Ìbàdàn, níbi tí ilé tuntun kì í yé yọ, á ti gbọ́ ohùn wọn láàrin àwọn bíríkìlà àti alágbàṣe tó wá láti òdì kejì. Ègùn tàbí Àgànyìn la sábà máa ń pe gbogbo wọn pọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ní Kétu tàbí Ṣábẹ lòun ti wá, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni.

Nínú àwọn ìlú wọn, Kétu ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ìtàn ka Alákétu mọ́ àwọn ọba tó ṣẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Odùduwà, wọ́n sì ní ọba Ẹ̀dẹ́ ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ láti Àró wá tẹ ìlú náà dó. Odi àti yàrà ni wọ́n fi dáàbò bò ó, ẹnubodè Ìdẹ̀nà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Samuel Àjàyí Crowther bẹ Kétu wò ní 1853, ìlú ńlá ló sì bá. Ní 1886 ni ogun Dàhòmì fọ́ ọ, tí wọ́n kó àwọn ará ìlú lẹ́rú lọ sí Àbọ̀mẹ̀. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó kù tó padà wá tún ilé kọ́. Àwọn ará Kétu tí wọ́n ti tà sí òkè òkun ṣáájú kò pa orúkọ náà rẹ́: ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, Kétu ni ẹ̀ka ẹ̀sìn Candomblé tó gbajúmọ̀ jù ń jẹ́.

Kí Kétu tó tún gbérí ni àwọn òyìnbó ti pín ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ààlà. Ààfin Alákétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ti Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlárá tilẹ̀ la sí méjì, apá kan ní Nàìjíríà, apá kejì, Ìlárá-Kánga, ní Benin. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ tó ṣe ìwádìí ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló tú iṣu ọ̀rọ̀ yìí dé ìsàlẹ̀ ìkòkò nínú ìwé tó gbé jáde ní 1976. Ó fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì ń gba ọ̀dọ̀ ọba ṣèjọba, ṣùgbọ́n Faransé rẹ ọba sílẹ̀ di ìránṣẹ́ ìjọba. Iṣẹ́ àfipáṣe, owó orí àti mímú ọ̀dọ́ lọ sójú ogun ló lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wá sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Ọ̀họ̀rí, Yorùbá tó wà ní apá Faransé, kò sá ní tiwọn. Inú àbàtà wọn ni wọ́n ti dojú ìjà kọ Faransé láàrin 1914 sí 1916.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ààlà pín. Ó yẹ kí Yorùbá mọ̀ nípa àwọn Kurd, nítorí ìyà tó jẹ wọ́n jọ tiwa, ó sì le jù ú lọ. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù 30, wọ́n sì pín sí Turkey, Iran, Iraq àti Syria. Àdéhùn Sèvres ti 1920 ṣílẹ̀kùn orílẹ̀-èdè fún wọn, ti Lausanne ní 1923 sì tì í pa. Lẹ́tà Látìn ni àwọn tó ń sọ Kurmanji ní Turkey fi ń kọ èdè wọn. Ti Lárúbáwá ni àwọn tó ń sọ Sorani ní Iraq àti Iran ń lò.

Irú ìpínyà àkọtọ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá. Ẹ̀ka èdè tó wà lọ́hùn-ún pọ̀: Kétu, Ṣábẹ, Ìdáàṣà, ti àwọn Ifẹ̀ ní Àtàkpámẹ̀, àti Mọ̀kọ́lé ní Kandi, láàrin àwọn Bàrìbá. Ẹni tó bá farabalẹ̀ lè gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ará Kétu ń sọ. Nínú ìwé ni wàhálà wà. Níbi tí a ti ń kọ ẹ, ọ, ṣ àti p, ɛ, ɔ, sh àti kp ni àkọtọ́ Benin ń lò, ọjà wa sì di ɔjà. Faransé sì ni èdè ilé-ẹ̀kọ́ wọn.

Lójú tèmi, ìyàtọ̀ inú ìwé yìí ń yà wá sọ́tọ̀ ju ẹnubodè lọ. Nàìjíríà ti ẹnubodè pa láti oṣù kẹjọ 2019 títí di ìparí 2020, síbẹ̀ àna àti ìbátan ṣì ń wá ara wọn. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún ńlá, ó sì kọ orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò sí i pọ̀. Ìwé nìkan ni kò tíì rí ọ̀nà kọjá. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń tẹ ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá, kò sì sí ohun tó ní kí àwọn ilé ìtẹ̀wé ibẹ̀ má tẹ ìwé kan náà ní àkọtọ́ méjèèjì, kí ọmọ Pobè ní Benin lè kà á láìgba ọ̀nà Faransé.