Àpá wà lára, ìwé wà ní Limoges: Bí àwọn ọmọ ogun Áfíríkà ṣe ń wá ẹ̀rí ọgbẹ́ tí wọ́n gbà fún Faransé

Àwọn àgbà Yorùbá ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ṣùgbọ́n fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó bá ilẹ̀ Faransé jagun, àpá nìkan kò tó láti fi gba owó ìfẹ̀yìntì ẹni tó fara gbọgbẹ́. Ìwé ni ìjọba ń béèrè, èyí tí dókítà ológun kọ nígbà ogun.

Ìwé yìí ló pààlà sáàárín ẹni tí òfin ní ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó àti ẹni tí owó náà tẹ̀ lọ́wọ́.

Kí ni òfin sọ?

Tẹ́lẹ̀, ọmọ ogun Faransé tó bá fara pa ló ní láti fi ẹ̀rí hàn pé ẹnu iṣẹ́ ológun ni òun ti gba ọgbẹ́. Òfin ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ọdún 1919 yí èyí padà. Láti ìgbà náà, bí ìjọba bá fẹ́ sọ pé kì í ṣe ogun ló fa ọgbẹ́ tàbí àìsàn kan, ìjọba ni kó mú ẹ̀rí wá. Ẹni tí ọgbẹ́ bá dín agbára rẹ̀ kù ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún (10%) lè gba owó.

Àmọ́ òfin náà ní májẹ̀mú kan. Dókítà gbọ́dọ̀ ti rí ọgbẹ́ tàbí àìsàn náà, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí ọmọ ogun ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí láàárín àkókò kúkúrú lẹ́yìn tó padà sílé. Ẹni tó padà sí abúlé tí kò ti sí dókítà ológun, tí ìrora rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ti pàdánù àǹfààní yìí láìmọ̀.

Láti Èkó dé Douala

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1940, lẹ́yìn tí Faransé ti túúbá fún Jámánì, ọ̀gágun Leclerc kúrò ní London, ó sì gúnlẹ̀ sí Èkó. Ó gba Tiko, tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà nígbà náà, òun àti àwọn ènìyàn díẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré, wọ́n sì wọ Douala ní òru mọ́júmọ́ ọjọ́ 27. Báyìí ni Cameroon ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Charles de Gaulle.

Àwọn ọmọ Cameroon tí wọ́n kó wọṣẹ́ ológun jà ní Syria lọ́dún 1941, wọ́n tún jà ní Italy àti gúúsù Faransé lọ́dún 1944. Ilé ìwòsàn alágbèéká Hadfield-Spears ń tẹ̀lé àwọn ọmọ ogun de Gaulle káàkiri. Inú ìwé irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹni tó gbọgbẹ́ lè wà.

Ọ̀nà Kotto sí Limoges jìn

Bí ajagunfẹ̀yìntì kan bá ń gbé ní Kotto, àdúgbò kan ní Douala lónìí, ibi méjì ni ẹ̀rí rẹ̀ wà, méjèèjì sì wà ní Faransé. Ìlú Pau ni wọ́n kó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn ológun pamọ́ sí. Limoges ni ìwé ilé ìwòsàn ológun wà. Ti Pau ń sọ ikọ̀ tí ọmọ ogun wà àti ìgbà tó wà níbẹ̀. Ti Limoges ń sọ ohun tí dókítà rí. Láìsí ti àkọ́kọ́, ó nira láti mọ ìwé ilé ìwòsàn tí wọn yóò ṣí.

Orúkọ náà tún jẹ́ ìṣòro. Bí akọ̀wé ìjọba amúnisìn bá ṣe gbọ́ orúkọ létí ló ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, nítorí náà ọdún tí wọ́n fojú bù ni wọ́n kọ fún wọn. Bí lẹ́tà méjì péré bá yàtọ̀ nínú orúkọ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ bàbá arúgbó, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé òun ni òun. Bẹ́ẹ̀ Leclerc fúnra rẹ̀ kì í ṣe orúkọ àbísọ: Philippe de Hauteclocque ló ń jẹ́, ó yí orúkọ padà kí ewu má bàa bá ẹbí rẹ̀.

Owó tó dúró sójú kan

Ẹni tó rí ìwé rẹ̀ pàápàá kò bọ́. Òfin ìṣúná Faransé ti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọdún 1959 dá owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ ilẹ̀ tí Faransé ṣàkóso dúró sójú kan. Ó kan Dahomey, tó di Benin, níbi tí Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà. Ó kan Togo àti Cameroon pẹ̀lú. Owó ọmọ Faransé ń gòkè bí ọjà ṣe ń wọ́n. Ti ọmọ Áfíríkà kò kúrò níbi tó wà.

Àwọn ajagunfẹ̀yìntì Senegal 743 gbé ẹ̀sùn lọ síwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọ́n sì jàre lọ́dún 1989. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, ọdún 2001, Conseil d'État ní Paris sọ nínú ẹjọ́ ọ̀gbẹ́ni Diop pé ìyàsọ́tọ̀ ni. Lẹ́yìn tí fíìmù Indigènes jáde lọ́dún 2006, ìjọba mú owó àwọn tó gbọgbẹ́ bá ti ọmọ Faransé dọ́gba láti ọdún 2007. Owó ìfẹ̀yìntì yòókù tẹ̀lé e lọ́dún 2011.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní fáìlì ni owó pọ̀ fún. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò wọ inú ìwé kankan kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ọgbẹ́ tí dókítà kò rí

Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Yorùbá tó bá Gẹ̀ẹ́sì jagun. Isaac Fadoyebo láti Emure-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, wà nínú ikọ̀ ìtọ́jú aláìsàn ní Burma nígbà tí àwọn ará Japan kọlù wọ́n ní oṣù Kẹta ọdún 1944. Ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará abúlé fi òun àti David Kargbo láti Sierra Leone pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ní gbogbo ìgbà náà, kò sí dókítà ológun tó lè rí ẹsẹ̀ yẹn, ká má tíì sọ pé yóò kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Fadoyebo kú lọ́dún 2012.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, ọdún 2019, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìjọba ló ń gbọ́ ẹjọ́ owó àwọn tó gbọgbẹ́ ní Faransé. Ilé ẹjọ́ ti yí padà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò yí: níbo ni dókítà ti kọ ọ́? Òfin 1919 gbé ẹrù ẹ̀rí kúrò léjìká ọmọ ogun. Fún ẹni tó wà ní Douala, tí ìwé rẹ̀ wà ní Limoges, ẹrù náà kò tíì kúrò.