Oyè Ọ̀mọ̀wé nínú Ìmọ̀ Ìṣirò ní Yunifásítì Ìbàdàn

Oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò (PhD) ni oyè tí ó ga jù lọ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ìwádìí gbà nínú ìmọ̀ náà. Kì í ṣe ìdánwò orí ìwé ni wọ́n fi ń gbà á. Ohun tí wọ́n fi ń gbà á ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ó ní, ó kéré tán, ohun kan nínú tí ẹnikẹ́ni kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ rí níbikíbi láyé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Yunifásítì Ìbàdàn ni ìtàn oyè yìí ti pẹ́ jù lọ. Yunifásítì náà bá ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé pààlà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni ó sì ń gbé ní Ajíbọ́dẹ, Sáṣá àti Ọjọ́ọ̀ ní apá ibẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rí jẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, olùwádìí a máa wọn nǹkan, a sì máa dán an wò léraléra. Bí àbájáde bá ń jọra, wọn a gbà á títí ẹlòmíràn yóò fi rí ohun tí ó takò ó. Nínú ìmọ̀ ìṣirò, àdánwò kò tó. Ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè, ìyẹn àlàyé tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí a ti gbà pé ó jẹ́ òtítọ́, tí ó sì ń tẹ̀ síwájú ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí tí kò fi sí ibi tí iyèméjì lè gbà wọlé.

Àpẹẹrẹ kékeré lè mú un yéni. Kí àgbẹ̀ kan ní Mọ́níyà to iṣu rẹ̀ ní méjì-méjì, kí ẹyọ kan ṣẹ́kù. Kí aládùúgbò rẹ̀ náà to tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹyọ kan ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá da iṣu wọn pọ̀, ẹyọ méjì tí ó ṣẹ́kù yóò fara wọn ṣe ìkejì, kò sì ní sí èyí tí yóò dá wà mọ́. Ìbáà ṣe iṣu márùn-ún àti méje ni wọ́n ní, ìbáà ṣe ọ̀kẹ́ àìmọye, bákan náà ni yóò rí, nítorí pé bí wọ́n ṣe tò ó ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dúró, kì í ṣe iye rẹ̀. Ẹ̀rí pípé nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè lóye rẹ̀.

Ẹ fi èyí wé àbá Goldbach, tí ó jáde láti inú lẹ́tà tí Christian Goldbach kọ sí Leonhard Euler ní 1742. Àbá náà sọ pé gbogbo nọ́ḿbà tí ó ṣeé pín sí méjì dọ́gba, bí ó bá ti ju 2 lọ, jẹ́ àròpọ̀ nọ́ḿbà méjì irú 2, 3, 5 tàbí 7, tí kò sí nọ́ḿbà tí ó lè pín wọn láìṣẹ́kù àfi 1 àti ara wọn. Kọ̀ǹpútà ti yẹ̀ ẹ́ wò dé orí 4 tí òdo méjìdínlógún tẹ̀ lé, kò sì rí ibi tí ó ti kùnà. Síbẹ̀ àbá ni wọ́n ṣì ń pè é.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá oyè ọ̀mọ̀wé kì í sábà dojú kọ ìbéèrè tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí alábòójútó rere ń wá fún un ni ìbéèrè tí ó kéré tó láti parí láàárín ọdún mélòó kan, tí ó sì ní láárí tó kí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà lè kà á sí. Yíyan ìbéèrè yìí ṣòro ju bí ó ti rí lójú lọ. Ẹni tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ nìkan ni ó sábà ń mọ èyí tí yóò so èso, ìdí sì nìyí tí ìtàn oyè yìí fi jẹ́ ìtàn olùkọ́ àti ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Láti òkè òkun dé Ìbàdàn

Nígbà tí University College, Ibadan bẹ̀rẹ̀ ní 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà, oyè Lọ́ńdọ̀nù sì ni wọ́n ń fún àwọn tí ó bá yege. Ní 1962 ni ó tó di yunifásítì tí ó dá dúró. Ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn, òkè òkun ni ẹni tí ó bá fẹ́ di ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ń lọ.

Chike Obi ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè náà, ní Yunifásítì Cambridge ní 1950. Lẹ́yìn náà ó wá ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn, ó sì ń da iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ ìṣèlú, nítorí òun ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú Dynamic Party sílẹ̀. Adégòkè Olúbùmmọ, tí a bí ní Orin-Èkìtì ní 1923, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó gba oyè tirẹ̀ ní 1955 ní King's College, Newcastle, tí ó jẹ́ apá kan Yunifásítì Durham nígbà náà, lábẹ́ Frank Bonsall. Ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní functional analysis ni ó mú bọ̀ wá sí Ìbàdàn, níbi tí ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. James Ezeilo, tí ó ti kàwé ní Ìbàdàn fún oyè Lọ́ńdọ̀nù, gba ti Cambridge ní 1959.

Àwọn obìnrin náà bá ọ̀nà òkè òkun yìí lọ. Grace Alele-Williams, akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn àtijọ́, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ nípa kíkọ́ni ní ìṣirò ní Yunifásítì Chicago ní 1963, òun sì ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀mọ̀wé. Ọlábísí Ugbebor ka ìṣirò ní Ìbàdàn kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1976, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ní Nàìjíríà.

Ó yẹ kí a rántí pé oyè náà kò pẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Láti Jámánì ni àṣà fífi ìwádìí gba oyè ọ̀mọ̀wé ti tàn kálẹ̀, àwọn yunifásítì Gẹ̀ẹ́sì kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ni títí di ọdún 1917 àti àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e. G. H. Hardy, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ìṣirò tí ó lókìkí jù lọ níbẹ̀, kò ní irú oyè bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìlà olùkọ́ àti ọmọ ẹ̀kọ́

Àwọn onímọ̀ ìṣirò a máa ka ìran alábòójútó wọn bí ẹni ń ka ìran baba ńlá. Ìran Ìbàdàn tí ó hàn jù lọ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Hardy yìí, tí ó bójú tó iṣẹ́ Mary Cartwright ní Oxford. J. E. Littlewood wà lára àwọn tí ó dán Cartwright wò fún oyè rẹ̀. Ní 1938, bí ogun ṣe ń sún mọ́, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí àwọn onímọ̀ ìṣirò pé kí wọ́n ran àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rédíò lọ́wọ́ lórí àwọn ìdọ́gba kan tí apá wọn kò ká. Irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ ń sọ bí nǹkan ṣe ń yí padà bí àkókò ti ń lọ. Àwọn tí ó rọrùn ṣeé yanjú tààrà. Èyí tí àwọn onírédíò bá pàdé kò gbà bẹ́ẹ̀, ohun tí ènìyàn sì lè béèrè ni pé: ṣé ìgbì náà yóò máa padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣé kò ní kọjá ààlà, ṣé yóò rọlẹ̀ nígbẹ̀yìn? Cartwright àti Littlewood gbé iṣẹ́ náà, wọ́n sì bá a jìnnà.

Ìbéèrè wọ̀nyí ni Cartwright fi lé Ezeilo lọ́wọ́ ní Cambridge. Ezeilo mú wọn padà wá sí Ìbàdàn, ó ṣiṣẹ́ lórí àwọn ìdọ́gba tí ó tún díjú ju ti rédíò lọ, òun àti H. O. Tẹ́júmọ́lá sì jọ tẹ ọ̀pọ̀ ìwé jáde lórí wọn láti àárín àwọn ọdún 1960. Kí ó tó pẹ́, ó kọjá sí Nsukka, níbi tí ó ti di igbákejì gíwá. Lẹ́yìn náà ni ó di olùdarí àkọ́kọ́ fún National Mathematical Centre ní Àbújá. Ìwé tí ìjọba kọ nítorí rédíò ní 1938 tipa bẹ́ẹ̀ nípa lórí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe ìwádìí lé lórí ní Nàìjíríà fún ìran mélòó kan. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ó jókòó yàn án. Àwọn kan ti bu ẹnu àtẹ́ lu èyí pé ó jẹ́ kí àwọn ẹ̀ka mìíràn gbẹ, àròyé náà sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí kò ní alábòójútó kò lè ní akẹ́kọ̀ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń gbà á

Ní Ìbàdàn, ẹni tí ó bá ní oyè kejì (MSc) pẹ̀lú àmì 60 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀nà oyè ọ̀mọ̀wé ṣí sílẹ̀ fún tààrà. Ẹni tí àmì rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí èyí ní láti gba ọ̀nà MPhil kọjá. Ó kéré tán, ọdún mẹ́ta ni iṣẹ́ náà ń gbà. Ọ̀pọ̀ ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá àwọn tí ó ti ń ṣe olùkọ́ níbòmíràn kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́ sábà ń lọ sórí kíka ohun tí àwọn tí ó ṣíwájú ti ṣe. Lẹ́yìn náà ni gbígbìyànjú, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò já sí asán. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú àwọn olùkọ́ ẹ̀ka náà ní sẹminá, wọn a sì da ìbéèrè bò ó. Ní ìparí, olùyẹ̀wò láti yunifásítì mìíràn yóò ka àpilẹ̀kọ náà, yóò sì wá bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ohun méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ń bẹ̀rù jù: kí wọ́n rí ihò nínú ẹ̀rí rẹ̀, àti kí ẹlòmíràn ti tẹ ohun kan náà jáde ṣáájú rẹ̀. Ihò kékeré kan lè wó iṣẹ́ ọdún méjì, nítorí pé kò sí ẹ̀rí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ àpilẹ̀kọ náà. Iṣẹ́ tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kọ́ ìṣirò dáadáa ní èdè Yorùbá. Àṣà náà kò dé ìpele ìwádìí.

Ìwé, iná àti ènìyàn

Wọ́n a máa sọ pé ìwé àti gègé ni gbogbo ohun tí onímọ̀ ìṣirò nílò. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n ìwé tí ibẹ̀ yẹn pọ̀ ju èyí tí a ń kọ sí lọ. Ẹni tí kò bá rí jọ́nà tuntun kà kò lè mọ ohun tí a ti ṣe àti èyí tí ó kù. Nígbà tí owó náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) ti 1986, ó ṣòro fún àwọn ilé-ìkàwé yunifásítì láti máa ra jọ́nà òkè òkun. Ibi ìpamọ́ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń jẹ́ arXiv, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ti dín ìṣòro yìí kù púpọ̀ fún ẹni tí ó bá ní iná àti dátà. Ilé-ìwádìí ICTP ní Trieste, tí Abdus Salam dá sílẹ̀ ní 1964, ń gba àwọn olùwádìí láti ilẹ̀ Áfíríkà lálejò. Ó tún ṣe àtìlẹ́yìn fún ilé-ẹ̀kọ́ IMSP tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1988, tí àwọn náà ń kọ́ ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò.

Àkókò ni ó ṣọ̀wọ́n jù. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì (ASUU) ní 2020 gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ti 2022 bẹ̀rẹ̀ ní 14 oṣù kejì, a sì dá a dúró ní 14 oṣù kẹwàá. Akẹ́kọ̀ọ́ lè máa ronú nílé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí sẹminá, kò sì sí ìdánwò ojúkojú.

Ohun tí ó kan ìlà náà gan-an ni lílọ àwọn olùkọ́. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ kẹ́míkà bá lọ sí òkè òkun, ẹ̀rọ rẹ̀ wà nílẹ̀ fún ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Nínú ìmọ̀ ìṣirò, ohun tí alábòójútó mọ̀ nípa ìbéèrè wo ni ó yẹ ní bíbéèrè wà lórí rẹ̀ nìkan, ó sì ń bá a lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí láàárín iṣẹ́ sábà ní ọ̀nà méjì: kí ó gba ìbéèrè tuntun lọ́wọ́ ẹni tí ó kù ní ẹ̀ka náà, tàbí kí ó máa bá ẹni tí ó lọ ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí orúkọ ẹlòmíràn wà lórí ìwé gẹ́gẹ́ bí alábòójútó.