Ilé Ọtí Tí Ó Di Ilé Ọnà ní Òṣogbo

Nínú àwọn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lọ́wọ́ Dallas Museum of Art, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tí ó wà láàárín ìlú wa níhìn-ín, ère kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tí ń gbé Dallas mọ̀. Obìnrin ni ère náà. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó sì gbé àwo dání. Olúmẹ̀yẹ ni a ń pe irú ère bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tí ó mọ ẹ̀yẹ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1938, ni ó gbẹ́ ẹ. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ilé àfihàn tí ń gbé àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà dìde, ọ̀dọ̀ Ọlọ́wẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà tirẹ̀, síbẹ̀ ó rí iṣẹ́ ṣe.

Ààfin ni ilé àfihàn ayé ìgbà náà. Arínjálẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbà á sí ààfin, àwọn ọba mìíràn ní Èkìtì sì ń ránṣẹ́ pè é. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́; wọ́n sì gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní ọdún 1924. Nígbà tí British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò gbà kí wọ́n fi owó rà á. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì wà ní London títí di òní. (Irú ìtẹ́ wo ni ó tó pààrọ̀ ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ ná.)

Nígbà tí agbára àti owó orí kúrò lọ́wọ́ àwọn ọba, oníbàárà àwọn agbẹ́gilére dín kù. Àwọn ọmọ sì ń lọ sí ilé-ìwé, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ pé òrìṣà ni gbogbo ère. Ní nǹkan bí ọdún 1960, ọmọ tí ó bá ní ẹ̀bùn ọnà, tí bàbá rẹ̀ kò sì ní owó láti rán an lọ sí Zaria tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ mìíràn ni yóò wá.

Ní ọdún 1961, Ulli Beier, ará Jámánì tí ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká, J. P. Clark, Christopher Okigbo, Ezekiel Mphahlele àti àwọn mìíràn, dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari. Jacob Lawrence, ògbóǹtarìgì ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, wá sí Nàìjíríà ní 1962, Mbari sì ṣàfihàn iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún padà wá ní 1964. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ti Ìbàdàn. Ti Òṣogbo ni ó kan mẹ̀kúnnù.

Dúró Ládiípọ̀ jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé àti olórin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ìlù wọ inú orin ìsìn; àwọn àgbà ìjọ fárígá, wọ́n ní ìlù kèfèrí ni. Ó wá ibòmíràn tí yóò ti máa lu ìlù rẹ̀. Ó ní ilé ọtí kan ní Òṣogbo. Ní oṣù kẹta ọdún 1962, ó sọ ọ́ di ibi eré àti ibi àfihàn àwòrán. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ orúkọ Mbari, wọ́n sọ ọ́ di Yorùbá: m bá rí, m bá yọ̀. Báyìí ni ó di Mbárí Mbáyọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Ọba Mọ́rọ̀ ní 1962 àti Ọba Kò So ní 1963, eré tí wọ́n gbé dé Berlin ní 1964.

Ìlù ni ó kó èrò wá, ṣùgbọ́n àwòrán ni ó mú àwọn mìíràn dúró. Denis Williams, ará Guyana, ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wọn ní 1962 àti 1963. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti 1964, tí Georgina Betts, ẹni tí ó fẹ́ Ulli Beier lẹ́yìn náà, ṣe. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ sì wo irú àwọn tí ó wọlé! Jacob Afọlábí àti Rufus Ògúndélé jẹ́ òṣèré nínú ẹgbẹ́ Ládiípọ̀. Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, ń lu ìlù, ó sì ń ṣeré. Jimoh Buraimoh ni ó ń tan iná mànàmáná sí orí ìtàgé. Òun náà ni ó wá ń to ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ara pátákó bí wọ́n ti ń tò ó mọ́ adé ọba. Twins Seven-Seven, ọmọ Ògìdì, ń jó kiri fún ẹni tí ń ta oògùn ni kí ó tó ya Mbárí Mbáyọ̀. Àwa ará Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ó gbé ní Philadelphia rí. UNESCO fi oyè Artist for Peace dá a lọ́lá ní 2005, ó sì kú ní 2011.

Bí a bá ka ìwé nípa Òṣogbo, orúkọ Beier ni a ó kọ́kọ́ rí. A kò jiyàn pé ó ṣe púpọ̀. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, onílé ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ọjọ́ díẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà gbà. Kí ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń jẹ ní ọjọ́ yòókù? Ẹgbẹ́ eré ni ó mú ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró. Ẹni tí ó kun àwòrán ní ọ̀sán, tí ẹnikẹ́ni kò rà á, ó lè lu ìlù ní alẹ́.

Àléébù rẹ̀ wà. Àwọn tí ó kàwé ọnà ní òyìnbó ni ó ń darí ọwọ́ wọn, òyìnbó sì ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń ra iṣẹ́ wọn. Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ni ó dùn wá jù, nítorí òótọ́ ni. Rògbòdìyàn dé ní 1966, àwọn Beier sì kúrò ní Nàìjíríà. Ládiípọ̀ kú ní 1978.

Iṣẹ́ náà kò parun. Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé, tí ó jogún àdìrẹ nínú ìdílé rẹ̀, dá ilé ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983. Ní Èkó, Adénrelé Ṣónáríwò ṣí Rele Gallery ní 2015, ó ń ṣe ìpàtẹ Young Contemporaries fún àwọn ọ̀dọ́ láti 2016, ó sì ṣí ẹ̀ka ní Los Angeles ní 2021.

Ní Dallas, àwọn ará wa aláwọ̀ dúdú ti ṣe tiwọn: African American Museum bẹ̀rẹ̀ ní Bishop College ní 1974, ó sì ṣí ilé tirẹ̀ ní Fair Park ní 1993. Àwa ńkọ́? A ń ná owó lórí aṣọ ẹbí àti gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà àti fọ́tò ìgbéyàwó ni ó wà lára ògiri wa. Àwọn ọmọ wa kan ń kun àwòrán ní ilé-ẹ̀kọ́, a sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Gáréèjì ọkọ̀ méjì wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa ní Garland, Arlington àti Mesquite. Bí a bá kó àwọn páálí inú ọ̀kan síta ní Sátidé kan, tí a fi ọ̀dà funfun kun ògiri rẹ̀, ọmọ ta ni a ó kọ́kọ́ pè, ta ni yóò sì ra àwòrán rẹ̀, ní owó tí kì í ṣe owó àánú?